Bí o ṣe lè wọn ohùn Oòrùn nígbà tí agbára òòfà rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò

Ìró tó há sínú Oòrùn kò jẹ́ kí ara rẹ̀ sinmi. Èyí tó lágbára jù nínú wọn ń lọ, ó ń bọ̀, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 síra, ìyẹn nítòsí 3000 µHz (µHz kan ni ìlọ-bọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ní mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá). Bí onígángan bá fún ọṣán, ohùn ìlù a ga. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbára òòfà ń ṣe fún Oòrùn: lọ́dún tí àmì dúdú bá pọ̀ lójú rẹ̀, ohùn yẹn a fi nǹkan bí 0.4 µHz ga ju ti ọdún tí ojú rẹ̀ mọ́ lọ. Àwọn onímọ̀ Oòrùn, Woodard àti Noyes, ló kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní 1985. Ìdá kan péré nínú 7,500 ni.

Dátà BiSON, àwọn ibùdó tó ń wo bí Oòrùn ṣe ń mì, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ibùdó 6 káàkiri ayé ni, Yunifásítì Birmingham ló ń darí wọn, ìṣẹ́jú-àáyá 40-40 ni wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n. Má lo ti ibùdó kan ṣoṣo. Oòrùn á máa wọ̀ níbẹ̀ lálẹ́, àlàfo ojoojúmọ́ yẹn á sì bí òjìji sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ṣóńṣó inú àwòrán Fourier (àwòrán tó ń fi bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó hàn, ṣóńṣó kan fún ohùn kan), ní 11.57 µHz lọ́tùn-ún àti lósì. Bẹ́ẹ̀, ṣóńṣó l=0, tí gbogbo ojú Oòrùn ti ń wú tó sì ń rọlẹ̀ pa pọ̀, kò ju nǹkan bí 9 sí 10 µHz lọ sí ti l=2 (l ni iye ìlà tó pín ojú Oòrùn sí apá tó ń wú àti apá tó ń rọlẹ̀). Òjìji ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí èkejì.

Gé dátà sí abala ọjọ́ 365-365, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 91 lẹ́yìn èyí tó ṣáájú. Àyè àárín ojú ìwọ̀n kan sí èkejì lórí àwòrán Fourier á wá jẹ́ 0.03 µHz. Bí o bá gé e sí ọjọ́ 30, á di 0.39 µHz, ó ti tó ohun tí o ń wá tán.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni bíbá ìlà Lorentz mu, ìyẹn ìlà tó rí bí òkè tí a fi ń wá àárín ṣóńṣó. Mú ṣóńṣó ní méjì-méjì: l=0 pẹ̀lú l=2, l=1 pẹ̀lú l=3. Má lo least squares, ọ̀nà tó ń dín àpapọ̀ ìyàtọ̀ onílọ́po ara wọn kù. Maximum likelihood, ọ̀nà tó ń wá ìlà tó ṣeé ṣe jù kó bí dátà náà, ni kí o lò, torí ariwo inú àwòrán yìí máa ń yọ òkè gíga lójijì, òkè kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ sì lè fa gbogbo ìlà lọ síbi tí kò yẹ. Yíyí Oòrùn máa ń pín ṣóńṣó sí wẹ́wẹ́; di ìyàtọ̀ àárín wọn mọ́ 0.4 µHz, má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa wá a.

Láti 2500 dé 3500 µHz ni kí o ti ṣe ìpíndọ́gba bí ohùn ṣe sún, ṣóńṣó kan náà nínú gbogbo abala. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú abala kan, yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo wọn, torí ṣóńṣó tó ga lórí ìwọ̀n ń sún ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ 1800 µHz kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira, torí inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń padà, wọn kì í dé ìtòsí ojú Oòrùn tí òòfà ti ń ṣiṣẹ́. Ibí yìí gan-an ni ẹwà iṣẹ́ náà wà.

Fi èsì rẹ wé ìwọ̀n ìgbì rédíò 10.7 cm láti ara Oòrùn, tó ń fi bí òòfà rẹ̀ ṣe lágbára tó hàn, tí wọ́n ń kà ní Kánádà, ìpíndọ́gba ọjọ́ 365 kan náà: nǹkan bí 70 sfu (ẹyọ ìwọ̀n rédíò Oòrùn) ni ní 2008, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 180 ní 2001. Rántí pé abala kan nínú mẹ́rin ló dá dúró, torí dátà wọn wọ ara wọn. Bí o bá ka gbogbo wọn, àṣìṣe rẹ á kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Tún wo gíga ṣóńṣó. Bí ohùn bá ń ga, ṣe ló yẹ kí ṣóńṣó máa kúrú, kó sì máa fẹ̀. Bó bá ń ga sí i pẹ̀lú ohùn, padà sídìí dátà, wá ibùdó tó dákẹ́ lọ́dún yẹn.