Kọ̀ǹpútà kékeré tí mo yàn fún ìrìn àjò àti fọ́tò wíwò

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yìí ṣe kò pọ̀ rárá. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ó gba fọ́tò lára káàdì kámẹ́rà, kí n lè wò ó bóyá ojú ẹni tí mo yà mú ṣáká tàbí ó ṣe bàìbàì, kí n ṣa èyí tó dára sọ́tọ̀, kí ẹ̀dà kejì sì ti wà níbòmíràn kí n tó nu káàdì. Àtúnṣe gidi di Ògbómọ̀ṣọ́, lórí ẹ̀rọ ńlá tó wà nílé. Ẹni tó bá ti ya iṣẹ́ méjèèjì yìí sọ́tọ̀ kò ní ra ẹ̀rọ olówó gọbọi tí yóò máa wọ̀ ọ́ léjìká láti Ìsẹ́yìn dé Ìgbòho.

Ẹ̀yìn kámẹ́rà ò ṣeé gbára lé. Ojú rẹ̀ kò ju bí ínǹṣì 3 lọ, bẹ́ẹ̀ fọ́tò megapixel 24 fẹ̀ tó àmì (pixel) 6000 lọ́nà 4000. Ohunkóhun tí a bá fún pọ̀ sínú àyè kékeré bẹ́ẹ̀ ló ń dà bíi pé ó mú. Fóònù lè gbìyànjú bí a bá fi okùn OTG so káàdì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò orí fóònù kì í ṣí fáìlì RAW (fọ́tò bí kámẹ́rà ṣe gbà á gan-an), àyè ibẹ̀ sì ń tètè kún.

Kí n tó jáde lọ wo ọjà, ìṣirò ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ọjọ́ kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, tàbí lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, máa ń tó fọ́tò 800 lọ́wọ́ mi. RAW kọ̀ọ̀kan ń lọ bíi MB 25. GB 20 nìyẹn lójúmọ́, GB 100 ní ọjọ́ márùn-ún. Mo ti yọ SSD (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì sí) GB 128 kúrò nínú ọ̀rọ̀, torí ètò inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú àyè náà. Àkókò tún wà níbẹ̀: bí ojú ihò káàdì bá jẹ́ ti USB 2.0, MB 35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ẹ máa rí, GB 20 á sì gba bí ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá yára tó MB 85, ìṣẹ́jú 4 ni. Níbi tí iná ò sí, ìṣẹ́jú 6 tó wà láàárín wọn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Àwọn kékeré oní ínǹṣì 11.6 ló ń kọ́kọ́ wọni lójú, torí wọ́n fúyẹ́, owó wọn ò sì ga. Ẹ ṣọ́ra fún wọn. Èyí tó pọ̀ nínú wọn jẹ́ Celeron (ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò lágbára), RAM (ìrántí ìgbà iṣẹ́) GB 4, pẹ̀lú eMMC (ibi ìkó fáìlì sí) GB 32 tàbí 64 tí wọ́n ti fi òjé jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Kò sí ohun tí ẹ lè pààrọ̀ nínú rẹ̀. Bí Windows bá ti jókòó sórí GB 32, ohun tó kù ò lè gba fọ́tò ọjọ́ kan.

Òfin tí mo fi yan tèmi ni pé ohun tí síkúrúdíráfà lè yí padà kò gbọdọ̀ dá mi dúró. RAM ń yí padà, SSD náà ń yí padà. Ojú kọ̀ǹpútà, ihò káàdì àti ihò ṣájà ni mo ń sanwó fún. Nínú àwọn tòkunbọ̀ tó wà nílẹ̀, mẹ́rin ni mo gbé sórí ìwọ̀n: ThinkPad X270, ThinkPad X280, Dell Latitude 7290 àti HP EliteBook 830 G5. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ínǹṣì 12.5, HP jẹ́ 13.3. Kò sí èyí tó wúwo ju ara wọn lọ débi tí èjìká á fi mọ̀.

Ojú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ pẹ́ lé lórí. Orúkọ ẹ̀rọ kì í sọ irú ojú tó wà lára rẹ̀. X270 kan lè ní ojú irú TN, 1366 lọ́nà 768, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì kan náà ní ojú irú IPS, 1920 lọ́nà 1080, tí àmì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ohun tí mo fi ń dán an wò ni gígé aṣọ òkè mẹ́ta, sányán, àlàárì àti ẹtù, àti fọ́tò wọn tí mo yà lábẹ́ ibòòji lọ́sàn-án, tó wà nínú fláṣì. Mo ṣí fọ́tò, mo tẹ́ aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà.

Ẹtù ló ń tú àṣírí jù. Aró rẹ̀ jinlẹ̀ dé ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ìlà tín-ín-tín-ín aláwọ̀ sánmà sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Lórí IPS tó dára, ẹ lè ka ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi yòówù kí ẹ ti máa wò ó. Lórí TN, ẹ gbé orí sókè díẹ̀, aró ti ṣí bí ẹni da eérú sí i. Ẹ rẹ orí sílẹ̀, ìlà ti rì, gbogbo aṣọ ti di dúdú. Ẹni tó bá fi irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣa fọ́tò yóò ju èyí tó dára nù, yóò sì tọ́jú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ti bàjẹ́, torí bó ṣe jókòó ló ń pinnu ohun tó ń rí. Àlàárì ní tirẹ̀ ń sọ bí àwọ̀ ojú náà ṣe pé tó. Níbi tí kò pé, pupa rẹ̀ á wá sí pupa bíríkì. Bí wọ́n bá kọ 45% NTSC (òṣùwọ̀n bí àwọ̀ tí ojú lè fi hàn ṣe pọ̀ tó) sí ìwé ẹ̀rọ, ohun tí ẹ máa rí nìyẹn. 72% NTSC ló ń súnmọ́ sRGB pípé, ìyẹn òṣùwọ̀n àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ojú kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Èyí tí mo mú jẹ́ IPS, ẹtù yọ dáadáa, àlàárì ṣì kù díẹ̀ káàtó. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀nà, bóyá ojú mú, bóyá ẹnìkan di ojú, bóyá ọwọ́ gé kúrò nínú fọ́tò, ìwọ̀nyí ni mo ń wò. Mi ò ń dá ẹjọ́ àwọ̀ níbẹ̀.

Ẹ yan ojú tí kì í dán. Èyí tó ń dán bíi dígí á máa fi ojú ẹ̀yin fúnra yín hàn yín bí ẹ bá jókòó sábẹ́ mángòrò.

Ihò káàdì ló wá yọ mẹ́ta nínú mẹ́rin náà. X270 gba káàdì SD odidi. X280 àti Latitude 7290, microSD nìkan ni wọ́n gbà. EliteBook 830 G5 ò ní rárá. Wọn kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú o. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn lè ra ẹ̀rọ ìkàwé káàdì oní-USB 3.0, kó ra méjì, torí ọ̀kan á sọnù. Ẹ mú káàdì tiyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kó fáìlì GB 2 láti orí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ fi aago wọ̀n ọ́n: bí ó bá tó ìṣẹ́jú kan, ó ń ṣe bíi USB 2.0, bí kò bá tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ó dára. Bí kọ̀ǹpútà bá ní káàdì ti wà ní títì, tí bọ́tìnì LOCK ẹ̀gbẹ́ káàdì sì wà lókè (ìyẹn ni pé kò tì), ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ihò ló ti gbó, kì í ṣe káàdì.

Ti iná ṣájà ńkọ́? X270 tí mo mú ń gba iná láti ihò USB-C, yàtọ̀ sí ihò ṣájà tirẹ̀. Nítorí náà, páwà báǹkì lè bọ́ ọ, bí wọ́n bá kọ PD (ètò USB tó ń gbé iná ńlá) àti wáàtì 45 ó kéré tán sí i lára, tó sì lè gbé fóltì (V) 20 jáde. Páwà báǹkì fóònù tó ń gbé fóltì 5 nìkan kò ní ṣe nǹkan kan. mAh 20,000 tí wọ́n ń kọ gàdàgbà, ẹ fi 3.7 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 1,000 pín in: Wh (wáàtì-wákàtí) 74. Nígbà tí iná bá fi máa kọjá dé inú kọ̀ǹpútà, bíi 60 ló kù. Wh 74 náà sì ṣì wà lábẹ́ Wh 100 tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú ń gbà láyè láìsí àṣẹ pàtàkì, nínú báàgì ọwọ́. Ihò sìgá inú máíkírà tí ẹ bá wọ̀, ẹ má fi ọkàn sí i. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Ohun tó tún mú kí n fẹ́ X270 ni bátìrì méjì. Ọ̀kan wà nínú, bíi Wh 23. Ọ̀kan wà lẹ́yìn tó ń yọ, ó lè jẹ́ 23, 48 tàbí 72. Ti inú ń gbé ẹ̀rọ dúró nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ti ẹ̀yìn, ẹ ò ní pa á. X280 ò ní èyí mọ́. Bí iṣẹ́ fọ́tò wíwò bá ń jẹ wáàtì 9, Wh 72 á tó wákàtí 8. Ṣùgbọ́n bátìrì tòkunbọ̀ ni, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ṣọ́ọ̀bù, lágbègbè yunifásítì LAUTECH, ohun tí ẹni tó ń tà á sọ ni pé: "Ọ̀gá, bátìrì yìí á gbé yín dé wákàtí mẹ́fà." Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ṣájà ná." Mo ṣí Command Prompt, mo tẹ powercfg /batteryreport, mo ṣí fáìlì tó gbé jáde. Ìlà méjì ni kí ẹ fi wé ara wọn: Design Capacity àti Full Charge Capacity. Ti ẹ̀yìn kọ 72 nígbà tó wà ní titun, 41 ló kù, ìyẹn 57%. Mi ò bínú, mo kàn ní kó yọ owó bátìrì kúrò nínú iye tó pè. Ó yọ ọ́.

Ẹ tún pa á, ẹ tan án, ẹ tẹ F1 kí ẹ wọ BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, tí ẹni tó ń tà á ò mọ̀ ọ́n, ẹ fi sílẹ̀. Títú supervisor password ThinkPad kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀rọ nínú BIOS bóyá ó bá tẹ̀yìn rẹ̀ mu. Ẹ fi ètò CrystalDiskInfo wo ìlera SSD. Ẹ fi àwọ̀ funfun, dúdú, pupa kún ojú rẹ̀, kí ẹ wá àmì tó ti kú. Ẹ tẹ gbogbo kíbọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí bátìrì fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ.

Nílé ni mo ti tú u. Kí a tó yọ ìdè (síkúrù) kankan, F1 lẹ́ẹ̀kan sí i, Config, Power, Disable built-in battery, torí bátìrì inú ṣì ń gbé iná wọ bọ́ọ̀dù bí a tilẹ̀ yọ ti ẹ̀yìn. Ìdè ìsàlẹ̀ kì í jábọ́ tán, a kàn ń tú wọn sókè ni. Káàdì ATM àtijọ́ ni mo fi la etí rẹ̀, láti igun ẹ̀yìn. Ihò RAM kan ṣoṣo ló ní, DDR4, nítorí náà GB 8 jáde kí GB 16 tó wọlé. Ibi tí ẹ lè ti kàgbákò ni SSD. X270 tó wá pẹ̀lú SSD irú SATA, ínǹṣì 2.5, ní okùn tirẹ̀. Èyí tó wá pẹ̀lú SSD irú NVMe ní okùn mìíràn àti àgbékọ́ mìíràn. Bí ẹ bá ra SATA fún ẹ̀rọ olókùn NVMe, kò ní rí i. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó ra. Tèmi jẹ́ SATA, TB 1, nínípọn mílímítà 7.

Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025, Windows 11 sì ń béèrè Intel ìran kẹjọ sókè. X270 ò dé ibẹ̀. X280, 7290 àti 830 G5 tó ní Intel ìran kẹjọ nínú dé ibẹ̀, ẹni tí Windows jẹ́ dandan fún kó lọ bá wọn. Linux Mint ni mo fi sí tèmi dípò Windows, pẹ̀lú Rapid Photo Downloader tó ń kó fọ́tò àti darktable tí mo fi ń ṣà wọ́n, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn.

Lálẹ́, báyìí ló ń lọ. Káàdì wọlé, SSD ìta wọ ihò USB. Rapid Photo Downloader ń kó fọ́tò sínú fódà ọjọ́ náà, ó sì ń kó ẹ̀dà kejì sórí SSD ìta lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ka iye fọ́tò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí iye ò bá dọ́gba, káàdì ò gbọdọ̀ kúrò. Ìtò fáìlì orí SSD ìta jẹ́ exFAT kí ẹ̀rọ ilé lè kà á. Nínú darktable, mo di W mú kí fọ́tò kún ojú, mo sún un dé 100% lórí ìpéǹpéjú. R fún èyí tó bàjẹ́, 1 dé 5 fún ìràwọ̀. Ìràwọ̀ náà ń wà nínú fáìlì XMP lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò, bí mo bá gbé fódà délé, iṣẹ́ alẹ́ ò ṣòfò. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni mo fi ń nu káàdì, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Káàdì titun tí mo bá rà, F3, ètò tó ń dán àyè káàdì wò, ló kọ́kọ́ ń gba orí rẹ̀ kọjá, torí àwọn ayédèrú máa ń kọ GB 128 síta kí GB 16 wà nínú. Fọ́tò á wọlé, kò ní jáde.

SSD ìta kì í sùn nínú báàgì kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Nígbà ọyẹ́, ihò káàdì ni eruku kọ́kọ́ ń wọ̀: ẹ fi rọ́bà ìfẹ́rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ lẹ́ńsì fẹ́ ẹ kí káàdì tó wọlé, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á bá a wọlé.