Bí Mo Ṣe Wọn Ẹrẹ̀ Tó Padà Sójú Ọ̀nà Omi Tí Wọ́n Ti Gbẹ́ ní Ọ̀sà Èkó

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́ níhà Ìkòròdú ni kí a mọ iye ẹrẹ̀ àti yanrìn tó ti padà kó jọ sójú ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ kí òjò tó dé, nítorí pé gbogbo ìgbà òjò ni Odò Ògùn ń ru ẹrẹ̀ wá sínú ọ̀sà.

Kí a tó tan ẹ̀rọ kankan, mo ní kí ẹnì kan dúró ti òpó ìwọn tí a rì sẹ́sẹ̀ èbúté, kó máa kọ bí omi ṣe ń kún àti bó ṣe ń fà, torí ẹni tí kò bá yọ ìyẹn kúrò yóò ka omi tó fà sí ẹrẹ̀ tó kún.

Ẹ̀rọ tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ń rán ìró lọ sísàlẹ̀, ó sì ń fi àkókò tí ìró náà fi padà mọ ìjìnlẹ̀ omi. Bí omi bá gbóná tó 30°C, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 1,509 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi tí kò níyọ̀, ṣùgbọ́n ó ń rin nǹkan bíi 1,545 nínú omi òkun, bẹ́ẹ̀ òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń pààrọ̀ iyọ̀ inú ọ̀sà wa. Nítorí èyí, a so pátákó irin mọ́ ẹ̀wọ̀n tí a sàmì sí ní mítà-mítà, a sọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀, a sì ń tún ẹ̀rọ ṣe títí ohun tó ń kà fi bá ti ẹ̀wọ̀n mu. Ẹ̀rọ ìgbàlódé wà fún èyí, àmọ́ ẹ̀wọ̀n ni mo fọkàn tán jù.

Lẹ́yìn náà ni a ń dábùú ọ̀nà omi náà lórí àwọn ìlà tí wọ́n ti wọ̀n lẹ́yìn gbígbẹ́. Àwọn apẹja na àwọ̀n sójú ọ̀nà; a kí wọn, a bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ká a fún wa.

Ibi tó gba ọgbọ́n jù ni mímọ ibi tí omi parí sí tí ilẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Oríṣi ìró méjì ni ẹ̀rọ náà ń rán. Ìró òkè, 200 kHz (ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n ní ìgbà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), máa ń padà láti orí ẹrẹ̀ tó ki bí ògì, nígbà tí ìró tó rinlẹ̀, 33 kHz, máa ń là á kọjá dé ilẹ̀ tó le díẹ̀. Níbì kan, ìlà tí ẹ̀rọ yà fún ìró méjèèjì jìnnà síra ju ìdajì mítà lọ. Awakọ̀ wa fi ọ̀pá rẹ̀ kàn án wò: ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ rì wọlé, kò sì dúró títí ó fi kan ilẹ̀ líle. Ẹrẹ̀ dúdú tó bá a gòkè ń yọ́ bọ́ lọ láàárín ìka mi.

Nígbà ìṣirò, mo yọ ìjìnlẹ̀ tuntun kúrò nínú ti àtijọ́, mo sì fi fífẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ sọ ìyàtọ̀ náà di púpọ̀. Iye kan ni ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa béèrè, ṣùgbọ́n méjì ni mo kọ, ọ̀kan fún ìró kọ̀ọ̀kan, nítorí ọkọ̀ kékeré lè la ẹrẹ̀ rírọ̀ kọjá láìfarapa, bẹ́ẹ̀ agbaṣẹ́ṣe tó ń gbẹ́ ọ̀nà omi yóò gbowó lórí ẹrẹ̀ kan náà bí a bá kà á mọ́ ilẹ̀.