Bí Thunderbird Bá Ń Mú Àdírẹ́sì Tí Kò Yẹ Wá
Fún àgbẹ̀, ọlọ́sìn adìyẹ àti akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ ímeèlì

Ẹ tẹ lẹ́tà méjì nínú orúkọ ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ fún yín, Thunderbird, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ímeèlì, á ti gbé àdírẹ́sì síwájú yín. Ó dáa bí àdírẹ́sì náà bá pé. Èmi tẹ gmial níbi tó yẹ kí n tẹ gmail, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì di ohun tó ń yọjú ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé béèrè àpò oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni lẹ́tà padà sọ́wọ́ mi. Àwọn adìyẹ ò kúkú mọ ohun tó ń jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì; ebi ni wọ́n mọ̀.

Kọ̀ǹpútà ò méfò o. Inú ìwé àdírẹ́sì méjì tó wà nínú Thunderbird ló ti ń kó o wá. "Personal Address Book" ni èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ. "Collected Addresses" ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ nígbà tí ẹ bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni pàǹtí pọ̀ sí. Ó tún ń ka iye ìgbà tí ẹ kọ̀wé sí èèyàn, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ ló ń fi ṣíwájú. Nítorí náà, kí a pa àṣìṣe rẹ́ lójú lẹ́tà tí a ń kọ dà bí ìgbà tí a gé èèkan láìwa gbòǹgbò rẹ̀.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti B pọ̀, ìwé àdírẹ́sì á ṣí. Ẹ yan "Collected Addresses" lápá òsì, kí ẹ wá orúkọ náà. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó wà lẹ́yìn àmì @, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, torí ojú tó ń kánjú á ka gmial sí gmail. Ẹ yàn án, ẹ tẹ Delete, kí ẹ sì gbà bó bá bi yín. Ẹ wo "Personal Address Book" náà. Ó lè wà nínú méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé oníbàárà ló pààrọ̀ àdírẹ́sì, ẹ má pa á rẹ́: ẹ tẹ "Edit", kí ẹ tún un kọ.

Bí nǹkan kan ò bá yọjú rárá ńkọ́? Ẹ lọ sí "Settings", lẹ́yìn náà "Composition". Lábẹ́ "Addressing", kí àmì wà níwájú "Local Address Books". Ibẹ̀ náà lẹ ti lè ní kó má kó àdírẹ́sì jọ mọ́. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ò bá wọn ṣe é, torí oníbàárà tuntun ń wọlé lójoojúmọ́.

Ẹgbẹ́ wa ní Ìyá Ìbejì méjì. Nínú ìwé àdírẹ́sì, mo kọ "agbado" sí "Nickname" (orúkọ ìnagijẹ) ẹni tó ń ta àgbàdo, mo kọ "epo" sí ti ẹnì kejì. Bí mo bá ti tẹ epo, elépo ló ń jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Outlook, ètò ímeèlì mìíràn, iṣẹ́ tiyín kéré: bí àdírẹ́sì burúkú bá yọjú, ẹ tẹ × tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀.