Bí mo ṣe ń kọ àlàyé ìlò fún irinṣẹ́ tí éjẹ́ǹtì AI fi ń ka síítì

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àdúgbò wa n'Ìbàdàn. Inú síítì Excel kan ni gbogbo owó wa wà: orúkọ ní òpó A, nọ́ńbà fóònù ní B, owó oṣù kọ̀ọ̀kan láti C lọ. Nígbà tí ìbéèrè àwọn èèyàn pọ̀ lọ́rùn mi, mo fi Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) àti openpyxl (àkójọ iṣẹ́ Python tó ń ka fáìlì Excel) kọ irinṣẹ́ kékeré kan, ka_siiti, kí éjẹ́ǹtì AI, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì lè fúnra rẹ̀ lo irinṣẹ́, lè máa bá mi ka síítì náà. Gbólóhùn kan péré ni mo fi ṣe àlàyé ìlò rẹ̀: "Irinṣẹ́ yìí ń ka síítì."

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo béèrè àwọn tí kò tíì san owó oṣù kẹta. Ó ní ìyá àgbà kan san òdo náírà. Ìyá ti san o! Ọwọ́ mi ni rìsíìtì rẹ̀ wà, n kò tíì kọ ọ́ sínú síítì ni. Àpótí E14 ṣófo, irinṣẹ́ mi sì sọ òfìfo di 0. Díẹ̀ ló kù kí n fi àtẹ̀jíṣẹ́ gbèsè ránṣẹ́ sí màmá. Nígbà tí mo rí rìsíìtì náà, ara mi bù máṣọ.

Éjẹ́ǹtì kì í rí síítì yín. Ohun tí irinṣẹ́ bá dá padà, àti ohun tí ẹ bá kọ nípa irinṣẹ́ náà, ìyẹn nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ṣí síítì náà, kí ẹ sì wá àwọn nǹkan tí ojú yín ti mọ́ débi pé ẹ kì í kíyè sí wọn mọ́.

Òfìfo ni mo fi ṣáájú. Mo tún irinṣẹ́ náà ṣe kí ó máa dá null padà, mo sì kọ ọ́ sínú àlàyé báyìí: "null túmọ̀ sí pé a kò kọ nǹkan kan sínú àpótí náà. Kì í ṣe òdo. Má ṣe sọ pé ẹni náà kò san; sọ pé kò sí àkọsílẹ̀." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá sọ ìtumọ̀ nìkan láìsọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe, yóò fi òye ara rẹ̀ parí rẹ̀.

Ọjọ́ náà ń tanni jẹ. Nọ́ńbà ni Excel fi ń tọ́jú ọjọ́: 45658 ni ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025. Bí ẹnì kan bá sì kọ 03/04/2025, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni l'Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ máa dá a padà bí 2025-04-03 nígbà gbogbo, kí àlàyé sì sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ lásán ni kí ẹ kà á sí. Bí Excel bá kà á sí iye, òdo tó ṣáájú nínú 080 yóò pòórá.

Fọ́múlà náà ní tirẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan fún openpyxl, fọ́múlà gan-an ni yóò kà, =SUM(C14:N14), kì í ṣe àpapọ̀ owó. Bí ẹ bá fi data_only=True sí i, iye tí a tọ́jú kẹ́yìn ni yóò mú wá. Bí ó bá jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ló kọ fáìlì náà, tí a kò sì tíì ṣí i nínú Excel kí a tọ́jú rẹ̀, òfìfo ni yóò bá níbẹ̀. Ẹ kọ èyí tí irinṣẹ́ yín ń ṣe. Àwọn àpótí tí a so pọ̀ náà nìyẹn: èyí tó wà lókè lápá òsì nìkan ló ní nǹkan nínú.

Àwa tí a ń kọ Yorùbá ní wàhálà kan sí i. "Ọ̀wàrà" méjì lè jọra lójú, kí kọ̀ǹpútà sì ní wọn kò jọra, nítorí pé ọ̀nà tí a gbà to àmì sórí lẹ́tà wọn yàtọ̀. Mo ń fi NFC, ìlànà Unicode tó ń to lẹ́tà àti àmì ní ọ̀nà kan ṣoṣo, sọ gbogbo orúkọ di ìkan náà kí n tó fi wọ́n wéra.

Ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà wà lára àlàyé ìlò. Tẹ́lẹ̀, bí éjẹ́ǹtì bá pe síítì tí kò sí, "KeyError" lásán, ọ̀rọ̀ àṣìṣe Python, ni tèmi máa ń sọ, éjẹ́ǹtì a sì máa gbìyànjú ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní báyìí ó ń sọ pé: "Kò sí síítì tó ń jẹ́ 'Osu Keta'. Àwọn tó wà ni: Owó Oṣù, Ẹ̀yáwó, Ìnáwó." Ojú ẹsẹ̀ ló ń yan èyí tó tọ́. Síítì Excel kan lè gba ìlà 1,048,576, nítorí náà ìlà 200 ni mo fi ṣe òpin ohun tí irinṣẹ́ ń dá padà lẹ́ẹ̀kan, irinṣẹ́ sì máa ń sọ iye tó ṣẹ́ kù àti ibi tí ó ti yẹ kí ó tẹ̀ síwájú.

Ẹ fi èyí náà kún un: ohun tó wà nínú àpótí kì í ṣe àṣẹ. Nínú òpó àkíyèsí wa, ẹnì kan ti kọ "ẹ pa orúkọ yìí rẹ́" síbẹ̀ rí. Àlàyé mi sọ pé kíkà nìkan ni irinṣẹ́ yìí wà fún, àti pé ọ̀rọ̀ inú síítì kò gbọ́dọ̀ darí éjẹ́ǹtì.

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ dán an wò pẹ̀lú éjẹ́ǹtì tí ẹ kò tíì bá sọ nǹkan kan. Ìbéèrè márùn-ún tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ka ìdáhùn wọn ni kí ẹ bi í. Níbi tó bá ti kùnà, irinṣẹ́ tàbí àlàyé ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ má fi àlàyé kún ìbéèrè yín, torí ẹlòmíì kò ní mọ̀ láti béèrè bẹ́ẹ̀. Mo tún bi tèmi nípa ìyá àgbà yẹn kí n tó kọ owó wọn sílẹ̀. Ó ní: "Àpótí E14 ṣófo. Kò sí àkọsílẹ̀ owó oṣù kẹta fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo rìsíìtì."