Ẹ má yọ gcc àtijọ́ kúrò

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará wa n'Ífẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yọ gcc kan (kọ̀ǹpáílà, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù C di ètò tó lè ṣiṣẹ́) kúrò kẹ́ ẹ tó gbé òmíràn wọlé, dátà lẹ kàn ń fi ṣòfò. Méjèèjì lè jọ gbé orí Ubuntu (ẹ̀yà Linux kan) kan ṣoṣo láìjà. Lórí Ubuntu 22.04, gcc-11 ni build-essential, àkójọ irinṣẹ́ ìkọ́ ètò, máa ń gbé wá. Nígbà tí iná bá wà, ẹ tẹ sudo apt install gcc-12 g++-12 (g++ ni ti C++).

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fi 12 ṣe, ẹ má yí nǹkan kan padà. CC=gcc-12 CXX=g++-12 cmake -B build ti tó; èyí lèmi fẹ́ràn jù. Àmọ́ CMake, irinṣẹ́ tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa kọ́ ètò, máa ń rántí kọ̀ǹpáílà tó kọ́kọ́ rí, torí náà ẹ pa fódà build àtijọ́ rẹ́ ná. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, 11 ni á ṣì máa lò, ẹ ó sì máa rò pé orí yín ló dàrú.

Ẹni tó fẹ́ yí ti gbogbo ẹ̀rọ padà, kó fi update-alternatives --install (àṣẹ tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ yan ẹ̀dà tí ẹ̀rọ máa lò) forúkọ gcc méjèèjì sílẹ̀, kó wá fi sudo update-alternatives --config gcc mú èyí tó wù ú. g++ kì í tẹ̀lé e fúnra rẹ̀ o, àfi tẹ́ ẹ bá fi --slave so ó mọ́ ọn.