Bí A Ṣe Ń Kó Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ Àtijọ́ Jọ

Kò pọn dandan kí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà dúró dìgbà tí owó àwòrán ńlá bá tó o lọ́wọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ, nítorí pé ọ̀kan nínú èyí tó níyì jù lọ nílẹ̀ Yorùbá ṣì wà nínú àpótí aṣọ àwọn ìyá wa àgbà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń wí, aṣọ funfun tí aládìrẹ fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sí pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, tó jẹ́ kí ó gbẹ, kí aláró tó rì í sínú aró èlú léraléra. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kì í mu aró bí ibi tó kù, nítorí náà, bí wọ́n bá ti fọ ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà á hàn ní funfun tàbí ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ lórí búlúù tó ṣú dùdù. Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo ni òkìkí iṣẹ́ yìí ti kàn jù.

Kí o tó dá owó lé aṣọ kankan, yí i padà kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni aládìrẹ ń fi ẹ̀kọ sí, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ojúlówó ẹlẹ́kọ fi máa ń mu aró káàkiri, tí ọnà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe máa ń hàn lójú méjèèjì, wàá sì rí ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí àbẹ́là ti sán. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣá ju iwájú lọ, ọnà rẹ̀ sì máa ń rí bákan náà láti ìgun dé ìgun. Ọwọ́ ènìyàn kì í rí bẹ́ẹ̀. Tẹ̀ lé ìlà kan ṣoṣo pẹ̀lú ojú rẹ: yóò nípọn níbi tí ìyá náà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, yóò máa tín-ín-rín bọ̀, yóò sì tún nípọn níbi tó ti tún ìyẹ́ náà bọ̀ ọ́. Wá ojú rírán àárín pẹ̀lú, torí pé abala aṣọ méjì ni wọ́n sábà máa ń rán pọ̀ di ìró kan, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ọnà abala méjèèjì pàdé ara wọn géérégé.

Lẹ́yìn èyí ni adùn rẹ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kíka aṣọ. Lára ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, wàá rí àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tó wà ní Ìbàdàn, tí ṣíbí sì wà láàárín wọn. Nígbà tó jẹ́ pé 1929 ni wọ́n ṣí Mápó, Ìbàdàndùn tó ní òpó wọ̀nyí kò lè dàgbà ju ilé náà lọ. Ọnà tí wọ́n ń pè ní Olóbà gbé àwòrán King George V, ọba Gẹ̀ẹ́sì, àti ìyàwó rẹ̀ Queen Mary, nítorí àjọ̀dún ọdún karùndínlọ́gbọ̀n ọba náà lórí oyè ní 1935. Ṣùgbọ́n àwọn aládìrẹ ń ya ọnà kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ohun tí ọnà lè sọ ni ọdún tí aṣọ náà kò lè ṣáájú, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí o bá ní Ìbàdàndùn méjì tó ti ọwọ́ ìyá méjì wá, tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyàtọ̀ ọwọ́ méjèèjì á dùn ún wò fún ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta dára fún ẹni tó fẹ́ mọ irú àdìrẹ tó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tuntun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Inú ẹbí ni a ti sábà ń rí ti àtijọ́. Lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, béèrè orúkọ ọnà náà lẹ́nu ìyá tó ni ín, má sì fi ọgbọ́n dín owó aṣọ tí ẹbí kò mọ iye rẹ̀. Kọ orúkọ ẹni tó yà á, ẹni tó pa á láró, ìlú, àkókò tí wọ́n rántí àti gígùn aṣọ náà sínú ìwé, kí o sì ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ní tèmi, màá fẹ́ aṣọ tó ti gbó díẹ̀ tí mo mọ ìtàn rẹ̀ ju èyí tó ń dán tí kò ní ìtàn lọ.

Ní ti ìtọ́jú, oòrùn ni ọ̀tá àkọ́kọ́, torí náà má ṣe gbé e kọ́ síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń bà á tààrà. Má fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́. Bí ẹ̀kọ bá ṣẹ́ kù lára rẹ̀, aáyán àti eku á wá a rí. Dípò kí o ká a, èyí tó máa ń jẹ́ kí ó ya lójú ìká, fi aṣọ funfun tí o ti fọ̀ dáadáa bo páálí róbótó, kí o sì yí àdìrẹ náà mọ́ ọn. Má jẹ́ kí káńfọ̀ kàn án. Bí kòkòrò bá ti wọ̀ ọ́, dì í sínú ọ̀rá tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, kí o gbé e sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kí o jẹ́ kí ọ̀rá náà wà ní dídì títí tí òtútù á fi kúrò lára aṣọ náà kí o tó tú u. Ẹni tó bá sì ń gbé aṣọ àtijọ́ jáde kúrò ní Nàìjíríà, kí ó kọ́kọ́ béèrè ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí àwọn aṣọ́bodè má bàa dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú.