Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra sìmẹ́ńtì fún gọ́tà kan ṣoṣo

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí a da sílábù kọnkéré sórí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n wá fi òòlù ńlá fọ́ ọ. Ojú mi ló ṣe. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n: ọ̀kan ń gbá a, èkejì ń kó èyí tó fọ́, ẹ̀kẹta jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń mu píọ̀ wọ́tà. ₦164,000 ni mo ná sórí sílábù yẹn. Kí ẹ̀kẹta tó mu omi rẹ̀ tán, ó ti di òkúta wẹ́wẹ́.

Inú ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́. Tí ẹ bá gbọ́ tí mo pariwo nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fara dà á.

Oúnjẹ adìyẹ ni mo ń tà, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Tákìé. Ilé tiwa ni, ṣọ́ọ̀bù wà níwájú, à ń gbé ẹ̀yìn. Gọ́tà ló wà láàrin ṣọ́ọ̀bù àti títì, pákó méjì la sì fi ń ré e kọjá. Bí ọkọ̀ bá já oúnjẹ, ẹ̀gbẹ́ títì ló máa ń dúró sí, àwọn alábàárù á wá máa rù ú gba orí pákó wọlé, ₦100 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi fi ọgọ́rùn-ún àpò ṣírò ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni pákó yẹ̀ mọ́ ọmọ kan lẹ́sẹ̀, òun àti àpò orí rẹ̀ jọ wọ gọ́tà. Ọmọ náà ò farapa, a dúpẹ́, àmọ́ oúnjẹ yẹn di ti àwọn ewúrẹ́ àdúgbò. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ pé ó tó, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa fi ẹ̀yìn wọlé dé ẹnu ilẹ̀kùn mi.

Bíríkìlà tó kọ́ ilé wa ni mo pè. Mo bi í bóyá ìwé kan wà tó yẹ ká gbà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Tóyìn, gọ́tà iwájú ilé yín ni, ta ni yóò bi yín?" Mo gbà fún un, torí bí a bá rin àdúgbò wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tí kò bo tirẹ̀. Oṣù kẹta ni, òjò ò tíì dé. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ló da gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì la bá ọ̀dà pupa lára rẹ̀: STOP WORK, pẹ̀lú àmì X gbàgẹ̀dẹ̀ kan. Iṣẹ́ tó ti parí, kí ni wọ́n fẹ́ kí n dá dúró níbẹ̀? Mo tilẹ̀ rò pé àwọn ọmọ àdúgbò ló ń ṣeré. Mi ò mọ̀ pé wọ́n há bébà kan sẹ́nu ilẹ̀kùn, pé kí n wá fojú hàn ní ọ́fíìsì láàrin ọjọ́ méje. Ọmọ tó ń bá mi tajà ti rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ṣírò gbèsè oníbàárà kan tó ra àpò mẹ́rin láwìn. Ẹ̀yìn tí wọ́n fọ́ sílábù tán ni mo ń wá ìwé gbèsè, tí mo yí i padà, tí mo rí òǹtẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọ́ ọ dé àárín, ẹni tó ń gbá a dáwọ́ dúró, ó ní, "Mà, ẹ wá wo nǹkan." Irin wà lókè téńté, ó kù díẹ̀ kó yọjú síta. Bíríkìlà mi ti da kọnkéré fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó rántí gbé irin lé e. Bí ẹrù bá sì tẹ sílábù láti òkè, ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀ ló máa ń fẹ́ ya, ikùn yẹn ni irin yẹ kó sùn sí. Ọmọ náà ní, "Tí ọkọ̀ yín bá gun èyí, inú gọ́tà ni ẹ ó ti lọ yọ ọ́." Àwọn tó ba nǹkan mi jẹ́ ló tún wá ń fi hàn mí pé kò dáa látilẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni tàbí kí n bú wọn. Bíríkìlà ni mo bú.

Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, Àríwá àti Gúúsù. Mi ò ní sọ èyí tí mo lọ, torí mo ṣì ń gbé lábẹ́ wọn. Mo kọ lẹ́tà pé mo fẹ́ gbàṣẹ láti tún gọ́tà náà bò, mo mú ẹ̀dà sáfè ilẹ̀ dání, mo san owó orí ilé ọdún méjì tí mo jẹ wọ́n. Ìyẹn ò lọ́rọ̀.

Akọ̀wé wo àdírẹ́sì mi, ó ní ọ̀nà yẹn kì í ṣe tiwọn, ti ìpínlẹ̀ ni. Mo gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́ fún ìpínlẹ̀ lọ. Àwọn yẹn ní gọ́tà àdúgbò ni mo fẹ́ bò, kí n padà síbi tí mo ti ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, owó ọ̀kadà lálọ, owó ọ̀kadà lábọ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín. Títì ńlá tó ti Ọ̀yọ́ wá, tó gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Àwọn kan jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Àwọn tó kù láàrin àdúgbò, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọ̀nà lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò yé mi tẹ́lẹ̀. Ohun tí ò wá yé mi títí dòní ni bí àwọn tó ni í ò ṣe mọ̀ pé àwọn ló ni í.

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń kàwé ní yunifásítì LAUTECH ló gbà mí. Ó ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 lórí fóònù, ó ka Àfikún Kẹrin fún mi: ọ̀nà àdúgbò, iná ojú títì, gọ́tà, wọ́n kà wọ́n mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ sínú bébà fún mi gàdàgbà-gadagba. Mo gbé bébà náà ka iwájú akọ̀wé. Kò kà á. Ó kàn fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ, ó ní, "Ẹ gba fọ́ọ̀mù, mà."

Nínú fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n ti bi mí bóyá ilé gbígbé ni tàbí ibi ìtajà. Mo kọ ilé gbígbé. Ṣé irọ́ ni? Ṣebí ibẹ̀ là ń sùn. Akọ̀wé wo fọ́tò tí mo fi tì í, èyí tí pátákó oúnjẹ adìyẹ gba ìdajì rẹ̀, ó fa ìlà pupa lé e, ó kọ ibi ìtajà sókè rẹ̀. Owó tí mo máa san di ìlọ́po mẹ́ta lójú ẹsẹ̀. Mo san án ní báǹkì, mo gba rìsíìtì, mo rò pé wàhálà ti tán.

Àṣé ẹnjiníà ṣì ku. Ó gbọ́dọ̀ wá wo ibẹ̀ kó sì fi téèpù wọ̀n ọ́ kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé, Túsìdeè nìkan ló sì máa ń jáde. Túsìdeè àkọ́kọ́, ọkọ̀ ọ́fíìsì ò ní epo. Túsìdeè kejì, wọ́n pè é sí ìpàdé ní Ìbàdàn. Túsìdeè kẹta, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa láti àárọ̀, mo gbé àga síta, mo ra kóòkì tútù sílẹ̀ fún un. Èmi ni mo mu kóòkì yẹn nígbà tó di aago mẹ́rin.

Túsìdeè kẹrin ni mo gbọ́ pé wọn ò rí fáìlì mi mọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan báyìí tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrú, tó jẹ́ pé bí ẹni tó wà ní ìkángun bá dìde, gbogbo àwa tó kù á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ti ń wá lórí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ọjà láti ìgbà ọdún Iléyá. Ó fún mi ní obì. Ó ní, "Má kánjú, ọmọ mi, jẹun kó o tó máa wá." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó rí fáìlì náà. Ó wà láàrin fáìlì àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n jọ̀wọ́ fi orúkọ ọkọ ìyàwó han òun. Èmi ò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Láàrin gbogbo ìgbà yẹn gọ́tà là sílẹ̀ gbayawu, wọ́n ti fọ́ etí ògiri rẹ̀ débi pé pákó ò jókòó dáadáa mọ́, àwọn alábàárù sì ti gbówó lé e: ₦150 lórí àpò, torí wọ́n ní ẹ̀mí àwọn ni àwọn fi ń ṣeré.

Túsìdeè kẹfà ni ẹnjiníà náà dé, lórí ọ̀kadà tí mo san owó rẹ̀, nínú òjò oṣù karùn-ún. Mo ti di gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sínú. Ọ̀dọ́mọkùnrin lásán ni, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó ní kí n má bínú. Ó bà mí nínú jẹ́, torí mi ò lè lo èyí tí mo ti tò sílẹ̀ mọ́.

Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wọn nǹkan kan. Abẹ́ agboòrùn mi la dúró sí, ó ní kí n wo omi. Bàbá tó ń ta táyà lápá ìsàlẹ̀ mi ti fi páìpù bo gọ́tà tirẹ̀. Gọ́tà yẹn fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, páìpù Bàbá ò ju 30 lọ. Omi ń sáré bọ̀ láti òkè, bó bá dé ẹnu páìpù, á yí po, á padà sẹ́yìn, á gun títì. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ewé, àti kóró máńgòrò ló pàpọ̀ sẹ́nu rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ibí, ìgbà máńgòrò ló sì jẹ́, kóró yẹn pọ̀ ju òkúta lọ. Ìgbà yẹn ló wá yé mi ibi tí omi tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dọọdún ti ń wá. Mo ti ń ṣépè fún ẹni tó kọ́ ìpìlẹ̀ ilé wa láti ọjọ́ yìí, láìmọ̀ pé kò ṣẹ̀ mí.

Ó ní, "Mà, a ò sọ pé kẹ́ ẹ má bò ó. Bíríkìlà yín da tiyín mọ́ ògiri gọ́tà lódindi ni. Tí ìdọ̀tí bá dí abẹ́ rẹ̀, ta ló fẹ́ ṣí i?"

Mo ní, "Ó dáa. Kí ló wá dé tí ẹ ò fọ́ ti Bàbá?"

Ó wo ilẹ̀. "Tiyín ni wọ́n kọ́kọ́ rí, mà."

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó ní kí n ṣe ò le rárá, ohun tó ń dun èèyàn gan-an nìyẹn, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi sọ ọ́ tán. Ìbú gọ́tà gbọ́dọ̀ ṣófo lábẹ́, kò gbọdọ̀ dín. Kí n gé sílábù sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní irin ìgbámú tí wọ́n lè fi ṣí i. Kó má ga ju etí títì lọ. Kí omi inú ọgbà mi má ṣàn bọ́ sójú títì, kí n la ojú omi tóóró kan sẹ́nu ọ̀nà tí yóò gbé e wọ gọ́tà. Mítà méje ni mo fẹ́ kó fẹ̀, ó gé e sí márùn-ún. Nítorí pé ibi ìtajà ni, ọkọ̀ tó bá ń já ẹrù gbọ́dọ̀ wọlé tán, kò gbọdọ̀ fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì. Èyí ló mú kí n wó ilé jẹnẹrétọ̀ mi sẹ́yìn, owó mìíràn nìyẹn.

Bíríkìlà tuntun ni mo gbà fún ti ẹ̀ẹ̀kejì, èmi fúnra mi ni mo sì jókòó tì í. Sílábù mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ìdajì mítà, ó nípọn ní 20 sẹ̀ǹtímítà, irin 12 mílímítà ló wà níkùn rẹ̀. Mo ka bísíkíìtì abẹ́ irin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, òkúta sìmẹ́ńtì pẹlẹbẹ kékeré ni, òun ló ń gbé irin kúrò nílẹ̀ kí kọnkéré lè wọ abẹ́ rẹ̀. Páànù sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, gíráńáìtì mẹ́rin. Ó fẹ́ fi yanrìn kún un nígbà tí mo wọlé lọ díẹ̀, ọmọ mi ló ké sí mi. Àpò sìmẹ́ńtì méje ló gbà. Mo fi àpò oúnjẹ tó ti ṣófo bò wọ́n, mo ń bu omi sí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun. Ọkùnrin mẹ́fà ló fi okùn gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orí gọ́tà. ₦231,000, ilé jẹnẹrétọ̀ ò sí nínú rẹ̀.

Tí mo bá tún máa ṣe é, ìgbà ọyẹ́ ni mo máa gbé ìwé lọ, kí Túsìdeè tó bá fẹ́ fi mí ṣòfò ti fi mí ṣòfò tán kí òjò tó dé. Mo máa fi fóònù ya nọ́ńbà ara fáìlì mi lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́, nítorí òun ni wọ́n padà fi rí i. Mi ò sì ní kọ ilé gbígbé mọ́.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n pé kí n tó jẹ́ kí ọkọ̀ gùn ún. Àádóje àpò ló kó wá. Dírẹ́bà ń bẹ̀rù, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ gbá sílábù, ó tún padà wọnú ọkọ̀. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, etí mi ló wà nísàlẹ̀. Kò dún. Ó fi ẹ̀yìn wọlé títí tí ìdí ọkọ̀ fi kan ẹnu ilẹ̀kùn mi, àwọn alábàárù méjì tó ti ń retí iṣẹ́ sì ká òṣùká wọn, wọ́n lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá oní-táyà wọlé wá bá mi, bébà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dà pupa ti dé ọ̀dọ̀ tiwọn náà. Ó ní, "Ìyá Tóyìn, níbo lẹ ti gba fọ́ọ̀mù tiyín?" Mo júwe ọ́fíìsì fún un dáadáa. Ó bi mí ọjọ́ wo ló dáa jù láti lọ. Mo ní Túsìdeè.